Lẹ́yìn Ẹni Tí Ó Gba Ife Ẹ̀yẹ: Ipò Olùkọ́ni àti Olùgbékalẹ̀ Eré Ìje Nínú Gbọ̀ngàn Ìyẹ́sí Eré Ìdárayá

Bí eléré ìdárayá bá gba àmì ẹ̀yẹ wálé, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ìlú máa ń pè. Àwọn ọmọdé á máa fi orúkọ náà pe ara wọn lórí pápá, àwọn oníròyìn á gbé àwòrán rẹ̀ jáde, ìjọba á sì gbà á lálejò. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ni iyì tọ́ sí. Ṣùgbọ́n àwọn méjì kan máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ariwo ayọ̀ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn. Èkíní ni olùkọ́ni tí ó kọ́ ọ ní bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Èkejì ni ẹni tí ó gbé ìdíje kalẹ̀, tí ó wá owó, tí ó gba àṣẹ láti lo ojú ọ̀nà, tí ó sì rí i dájú pé ibì kan wà tí eléré náà ti lè fi ẹ̀bùn rẹ̀ hàn. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó ohun tí gbọ̀ngàn ìyẹ́sí eré ìdárayá jẹ́, bí olùkọ́ni àti olùgbékalẹ̀ eré ìje ṣe máa ń wọ inú rẹ̀, àwọn ẹni tí a lè tọ́ka sí ní àyíká wa, àti ohun tí ilé ìwé, ẹgbẹ́ tàbí àdúgbò kọ̀ọ̀kan lè ṣe kí orúkọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ má baà parẹ́.

Kí ni gbọ̀ngàn ìyẹ́sí?

Gbọ̀ngàn ìyẹ́sí jẹ́ ibi tí a ti ń tọ́jú orúkọ, àwòrán àti ìtàn àwọn tí wọ́n ṣe gudugudu méje àti yàyà mẹ́fà nínú eré ìdárayá kan tàbí ní agbègbè kan. Ó lè jẹ́ ilé ńlá, ó lè jẹ́ yàrá kan ní ìsàlẹ̀ pápá ìṣeré, ó sì lè jẹ́ ògiri kan ní ilé ìwé. Kì í ṣe títóbi ilé ni ó ń fún un ní iyì. Ìlànà tí a fi ń yan ènìyàn sínú rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fi owó tàbí ojú-mọ̀-mí wọ ibẹ̀, ògiri lásán ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rí ni a fi ń wọlé, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò lè gba ohun tí wọ́n kà níbẹ̀ gbọ́.

Àpẹẹrẹ kan tí ó kan Èkó gbọ̀ngbọ̀n wà ní ìlú Springfield ní Ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni Gbọ̀ngàn Ìyẹ́sí Naismith wà fún bọ́ọ̀lù agbọ̀n, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì-bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2008 ni wọ́n fi orúkọ Hakeem Ọlájùwọ́n sí i, ẹni tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963, tí ó sì gba ife ẹ̀yẹ NBA lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹgbẹ́ Houston Rockets, ní ọdún 1994 àti 1995. Ẹni méje ni wọ́n yẹ́ sí lọ́dún náà. Bí a bá wo ìwé orúkọ wọn dáadáa, a ó rí i pé mẹ́ta péré ni ó wọlé gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù: Ọlájùwọ́n, Patrick Ewing àti Adrian Dantley. Olùkọ́ni ni méjì, ìyẹn Pat Riley àti Cathy Rush. Àwọn méjì yòókù kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, wọn kì í sì í ṣe pé torí iṣẹ́ olùkọ́ni ni wọ́n fi wọlé. Bill Davidson ni ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, Dick Vitale sì jẹ́ asọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn eré náà. Olùṣèrànwọ́ fún ìdàgbàsókè eré ni wọ́n kà wọ́n sí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé gbọ̀ngàn tí ó gbọ́n kì í yẹ́ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ nìkan sí. Ó máa ń la ẹnu ọ̀nà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀kan fún eléré, ọ̀kan fún olùkọ́ni, ọ̀kan fún olùgbékalẹ̀ àti olùrànlọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ní ìlú Canastota ní Ìpínlẹ̀ New York, níbi tí orúkọ Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Nàìjíríà, ti wọlé ní ọdún 1991, ìpele kan wà tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò wọ inú òrùka jà ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ́ni tàbí tí wọ́n gbé ìjà kalẹ̀.

Ìdí tí a fi ya ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí sọ́tọ̀ kò ṣòro láti mọ̀. A kò lè fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ẹni tí ó fò, ẹni tí ó kọ́ ọ ní fífò, àti ẹni tí ó kó yanrìn sí ibi tí ó balẹ̀ sí. Bí a bá da gbogbo wọn pọ̀, eléré nìkan ni yóò máa borí, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni ojú rí.

Olùkọ́ni: iṣẹ́ tí èso rẹ̀ ń pẹ́

Ìtàn Ọlájùwọ́n fi hàn bí ìyẹ́sí olùkọ́ni ṣe máa ń pẹ́ tó. Nígbà tí ó kúrò ní Èkó ní ọdún 1980 lọ sí Yunifásítì Houston, Guy Lewis ni olùkọ́ni rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n tó fi orúkọ Lewis sí gbọ̀ngàn Springfield, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ọmọ tí ó kọ́. Ẹni ọdún 91 ni Lewis nígbà náà, ó sì kú ní ọdún 2015. Rudy Tomjanovich, tí ó darí ẹgbẹ́ Rockets nígbà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ méjèèjì, wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ọdún 2020. Akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó sórí àga ọlá tipẹ́ kí olùkọ́ tó dé.

Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ ṣe oríire, nítorí wọ́n ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ọlájùwọ́n tó dé Houston, ó ti gba bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, ó sì ti ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nígbà tí ó wà ní ilé ìwé ní Èkó. Ọmọ ọdún márùndínlógún ni ó kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Ní ìlú yìí ni àwọn kan ti rí ọmọ gíga náà, tí wọ́n fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi sùúrù kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé e sínú agbọ̀n. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó lónìí ni ó lè dárúkọ ọ̀kan nínú wọn? Ìbéèrè yìí gan-an ni ó fà á tí ìyẹ́sí ìbílẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Springfield kò lè rántí olùkọ́ni Èkó fún wa. Àwa ni iṣẹ́ náà já lé léjìká.

A kò ṣaláìní àpẹẹrẹ rere. Ní Sùúrùlérè, ní òdìkejì ọ̀nà sí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè, pápá ìṣeré kan wà tí ó gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún òǹwòran. Ọdún 2007 ni a ṣí i. Teslim Balógun, tí a mọ̀ sí Thunder, ìyẹn Àrá, ni a fi sọ orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Ó wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tí ó lọ gbá bọ́ọ̀lù káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1949, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1956. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí ni pé nígbà tí ó fi bàtà bọ́ọ̀lù kọ́, ó lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni, a sì máa ń kà á sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Ó wà lára àwọn olùkọ́ni ikọ̀ Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1968 ní Mẹ́síkò, níbi tí àwọn ọmọ wa ti gbá ọ̀mì 3–3 pẹ̀lú Brazil. Ó kú ní ọdún 1972. Nítorí náà, orúkọ tí ó wà lára ògiri pápá ìṣeré náà kì í ṣe ti agbábọ́ọ̀lù nìkan, ti olùkọ́ni ni pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ kejì ni Tunde Disu. Òun ni ó darí ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, Flying Eagles, lọ sí ìdíje àgbáyé ní ilẹ̀ Saudi Arabia ní ọdún 1989. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún náà, ní ìlú Dammam, ikọ̀ Soviet Union ti gbá ayò mẹ́rin wọlé kí tiwa tó rí ẹyọ kan. Kí ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún tó pé, ayò ti di 4–4, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì borí nígbà tí ó di wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ. Títí di òní ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń pe ọjọ́ náà ní iṣẹ́ ìyanu Dammam. Orúkọ àwọn tí ó gbá ayò wọlé wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ti olùkọ́ni tí ó ní kí wọ́n má ṣe kó ọwọ́ lérí kò tó bẹ́ẹ̀.

Bí a bá jáde díẹ̀ kúrò ní Èkó, a ó bá Olóyè Adégbóyè Onígbìndé ọmọ Modákẹ́kẹ́. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a fa ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè yìí lé lọ́wọ́. Ó mú wọn dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1984 ní Abidjan, níbi tí Cameroon ti fi ayò 3–1 borí wọn. Ó tún darí wọn lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002, níbi tí wọ́n ti gbá ọ̀mì aláìláyò pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà láti kọ́ àwọn olùkọ́ni ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Irú iṣẹ́ ìkẹyìn yìí, kíkọ́ àwọn tí yóò kọ́ni, ṣòro láti fi ife wọ̀n, ṣùgbọ́n ó lè kan ènìyàn ju ìṣẹ́gun kan lọ.

Nínú eré sísá, ẹ jẹ́ kí a wo Tóbi Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré ọgọ́rùn-ún mítà àwọn obìnrin tí a ti ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jamaica tí òun náà ti sá irú eré yìí rí, ni olùkọ́ni rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ti kọ́kọ́ mọ eré sá, ní ilé ìwé àti lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ni tí kò ní pápá olówó ńlá. Nínú àkọsílẹ̀ gbọ̀ngàn ìyẹ́sí tí ó péye, àwọn ìpele méjèèjì ni ó yẹ kí a kọ: ẹni tí ó gbin irúgbìn, àti ẹni tí ó bomi rin ín títí ó fi so.

Olùgbékalẹ̀ eré ìje: ẹni tí ń la ọ̀nà

Èkó ti mọ eré ìje tipẹ́. Ilẹ̀ tí Tafawa Balewa Square wà lónìí ni àwọn àgbà mọ̀ sí Race Course, pápá tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré. Ọba Dòsùnmú ni ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1859. Níbẹ̀ kan náà ni a ti ta àsíá òmìnira Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Lónìí, ère ẹṣin funfun mẹ́rin ni ó dúró sókè ẹnu àbáwọlé láti rán wa létí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀ yóò rí ẹṣin. Kò ní rí orúkọ ẹni tí ó tọ́ ẹṣin, tàbí ti ẹni tí ó ń pe àwọn ènìyàn jọ láti wá wo ìje. Bí a kò bá ṣọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni eré ìje ti òde òní náà yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú.

Eré ìje tí ó gbajúmọ̀ jù ní Èkó lónìí ni Máratọ́ọ̀nù Ìlú Èkó. Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 ni a sá èkíní rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, ó gba orí afárá Third Mainland, ó sì parí sí Eko Atlantic. Abraham Kiptum ọmọ ilẹ̀ Kenya ni ó gba ipò kìíní nínú àwọn ọkùnrin. Láti ìgbà náà ni a ti ń sá a lọ́dọọdún, ẹ̀kẹwàá rẹ̀ sì wáyé ní oṣù Kejì ọdún 2025. Lára àwọn tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ni Bukola Olopade, tí ó ti jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún eré ìdárayá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba àpapọ̀ sì fi ṣe olùdarí àgbà Àjọ Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní ọdún 2024. Ẹlòmíràn ni Yusuf Alli, alákòóso eré náà. Kì í ṣe àjèjì sí ìdárayá: ní Èkó níbí ni ó ti fò jìnnà tó mítà 8.27 níbi ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 1989, ó sì gba wúrà níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní ọdún 1990. Ẹni tí ó ti jẹ àǹfààní pápá ni ó padà wá tẹ́ pápá fún àwọn ẹlòmíràn.

Kí wá ni iṣẹ́ ẹni tí ń gbé eré ìje kalẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a dí ọ̀nà, kí a fọn fèrè, kí àwọn ènìyàn sì máa sáré, ó tán. Iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àkọ́kọ́ ni wíwọn ọ̀nà. Gígùn máratọ́ọ̀nù jẹ́ kìlómítà 42.195. Níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1908 ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti kọ́kọ́ lo ìwọ̀n yìí, ọdún 1921 sì ni ó di òfin. A kì í fi mọ́tò wọn ọ̀nà náà, nítorí ìwọ̀n mọ́tò kò péye tó. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ń lò, tí a so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àárín táyà iwájú rẹ̀ láti máa ka iye ìgbà tí táyà náà yí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ó bá parí, ẹni tí ń wọn ọ̀nà yóò gun kẹ̀kẹ́ náà lórí ilẹ̀ kan tí a ti fi téèpù irin wọ̀n, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà sọ òtítọ́. Ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ tí eléré lè gbà ni ó gbọ́dọ̀ tọ̀, ní nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí etí ọ̀nà níbi tí ọ̀nà bá ti yí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó fi mítà kan kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀nà má baà kúrú. Nínú máratọ́ọ̀nù, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà 42.

Ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí ni pé bí ọ̀nà bá kúrú ní mítà díẹ̀ péré, gbogbo àkókò tí àwọn eléré sá níbẹ̀ di asán. Ọ̀dọ́ tí ó sáré dáadáa ní Èkó kò ní lè fi àkókò náà wọ ìdíje mìíràn. Àṣìṣe olùgbékalẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orí ẹni tí ó sáré ni ìyà rẹ̀ yóò já lé.

Èkejì ni ààbò ẹ̀mí. Ooru Èkó kì í ṣe ohun tí a ń fojú kékeré wò. Nítorí náà ni eré fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Omi gbọ́dọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, àti ní nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún márùn-ún lójú ọ̀nà. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀. Èyí tún ṣòro sí i lórí afárá tí gígùn rẹ̀ súnmọ́ kìlómítà méjìlá, níbi tí kò sí ọ̀nà àbùjá tí a lè yà sí bí ẹnìkan bá ṣubú lulẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àjọṣe pẹ̀lú ará ìlú. Ọjọ́ tí a bá sá máratọ́ọ̀nù, ọ̀nà kan yóò dí. Ẹni tí ó fẹ́ lọ sí ibi ìgbéyàwó, ẹni tí ó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn àti ẹni tí ó ní ọjà láti kó, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ kàn. Olùgbékalẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ìkéde tètè jáde, ó ń bá ọlọ́pàá àti àwọn òṣìṣẹ́ ìrìnnà ọkọ̀ ṣe ìpàdé, ó sì ń pèsè ọ̀nà mìíràn. Bí a bá ń wọn ẹni tí ó yẹ fún ìyẹ́sí, ó tọ́ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ojú ọ̀nà náà bí ó ṣe bá wọn lò.

Ẹ̀kẹrin ni owó àti òtítọ́. Onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ wà, a sì gbọ́dọ̀ san ẹ̀bùn fún ẹni tí ó jẹ ẹ́, láìsí àfalẹ̀. A tún gbọ́dọ̀ yẹ ara àwọn eléré wò fún oògùn tí òfin eré kà léèwọ̀. Àjọ tí ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé máa ń fún eré ìje tí ó bá dé ojú ìwọ̀n ní àmì ìdánimọ̀. Eré ìje Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Edo, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ni ó kọ́kọ́ gba àmì yìí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Máratọ́ọ̀nù Èkó náà sì tẹ̀lé e.

Ìdí tí ìlànà ìyẹ́sí fi gbọ́dọ̀ le

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ Abraham Kiptum tí ó kọ́kọ́ borí ní Èkó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ó sá ìdajì máratọ́ọ̀nù ní ìlú Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú àáyá 18. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó yára tó bẹ́ẹ̀. Kò pé ọdún kan tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi mú ẹ̀sùn wá. Wọ́n dá a dúró fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì fagi lé àkókò Valencia náà. Ìṣẹ́gun rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2016 kò sí lára àwọn tí wọ́n fagi lé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọ́ gbogbo ẹni tí ń ṣètò ìyẹ́sí lọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá ti kánjú kọ orúkọ ẹnìkan sára òkúta nítorí Valencia, wọn ì bá ti tún wá irin láti fi ha á kúrò.

Nítorí náà ni àwọn gbọ̀ngàn tí ó ní iyì fi máa ń ní ìlànà mẹ́rin tí kò yẹ̀. Wọ́n ń dúró kí ọdún díẹ̀ kọjá lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì eléré. Ọlájùwọ́n fi eré sílẹ̀ ní ọdún 2002, ó sì di 2008 kí ó tó wọlé. Wọ́n ń béèrè ẹ̀rí tí a lè yẹ̀ wò, kì í ṣe ìròyìn ẹnu. Wọ́n ń jẹ́ kí ìgbìmọ̀ tí ó pọ̀ níye dìbò. Ní Springfield, ẹni mẹ́rìnlélógún ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, méjìdínlógún nínú wọn sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn kí ẹnìkan tó wọlé. Ìkẹrin ni pé wọ́n ń fi ìwà kún iṣẹ́. Olùkọ́ni tí ó gba ife mẹ́wàá ṣùgbọ́n tí ó ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ níkà kò yẹ ní ibi tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ wá kọ́ ẹ̀kọ́.

Fún olùkọ́ni àti olùgbékalẹ̀, ìdúró fún ọdún pípẹ́ ní ewu tirẹ̀. Eléré sábà máa ń fẹ̀yìn tì kí ó tó pé ogójì ọdún. Olùkọ́ni lè wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di àádọ́rin ọdún. Bí a bá ní kí ó fẹ̀yìn tì kí a tó yẹ ẹ́ sí, ó ṣeé ṣe kí a máa fi ìwé ẹ̀yẹ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ níbi ìsìnkú. Ohun tí ó dára ni kí a lo iye ọdún tí ó ti fi ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, kí a má ṣe dúró de ọjọ́ tí yóò jáwọ́. Àwọn baba wa sọ pé yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Ẹni tí ó ti lọ kò lè ṣe òmíràn mọ́.

Ohun tí ẹ̀yin náà lè ṣe

Kò di ìgbà tí a bá kọ́ ilé ńlá kí ìyẹ́sí tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹgbẹ́ eré ìdárayá àti àdúgbò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan àti ògiri kan. Àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni yóò ràn wọ́n lọ́wọ́.

1. Ẹ kọ orúkọ àwọn olùkọ́ni sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, àti àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́.

2. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí. Èsì ìdíje àwọn ilé ìwé, fọ́tò tí a kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé ètò ìdíje àti nọ́ḿbà tí a so mọ́ àyà eléré jẹ́ ẹ̀rí tí ó ṣe iyebíye. Ẹ ya àwòrán wọn sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kí òjò àti ikán má baà bà wọ́n jẹ́.

3. Ẹ ya ìpele olùkọ́ni àti ti olùgbékalẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti eléré láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìpele kan má baà gbé òmíràn mì.

4. Ẹ kọ ìlànà yíyàn sílẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìlànà tí a bá ṣe lẹ́yìn tí a ti mọ ẹni tí a fẹ́ yàn kì í ṣe ìlànà.

5. Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi yẹ ènìyàn sí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tó. Ọmọ tí ó bá kà á lẹ́yìn ogún ọdún gbọ́dọ̀ lè mọ ohun tí ẹni náà ṣe.

6. Ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin, àwọn olùkọ́ni àwọn akanda ẹ̀dá, àti àwọn olùkọ́ tí ń fi ìrọ̀lẹ́ wọn kọ́ ọmọ ní eré sísá láìgba kọ́bọ̀ kún owó oṣù wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ máratọ́ọ̀nù, ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yóò rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń sáré kọjá. Kó tó di pé ẹni àkọ́kọ́ yọ, ẹnìkan ti gun kẹ̀kẹ́ wọn ọ̀nà náà, ẹnìkan ti to omi kalẹ̀ ní òru, ẹnìkan sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ̀kan nínú àwọn asáré náà ní bí a ṣe ń mí. Ẹ béèrè orúkọ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.